Súìṣì Tí A Fi Ìmọ́lẹ̀ Yà Sórí Káńtà

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò fóònù gbé nǹkan dúdú kékeré kan síwájú mi, kò ju páálí ìṣáná méjì tí a tò léra wọn lọ. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa tú jáde, ó tẹ́ sórí káńtà, ó di kíbọ́ọ̀dù odindi pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Ó ní kí n tẹ orúkọ mi. Nínú lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀, méjì péré ló jáde bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tó ta ìka mi padà, n kò mọ̀ bóyá mo ti tẹ̀ ẹ́ tàbí n kò tíì tẹ̀ ẹ́, ojú mi kò sì lè kúrò lórí káńtà rárá. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé ìka sókè dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ òmíràn." Mo rọra, ó sì gbọ́ràn. Ibi tí mo ti ń gbádùn rẹ̀ ni àwọsánmà ti kúrò lójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé láti ẹnu ọ̀nà, kíbọ́ọ̀dù náà sì ṣá títí tí n kò fi rí lẹ́tà kankan kà mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, torí ìlérí tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ń ṣe é ní a ò ní nílò rìmóòtù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan kí bọ́tìnnì wà lára ààrò tàbí fáànù. Kí ìmọ́lẹ̀ kan ṣáà ti òkè àjà wá, kó ya bọ́tìnnì sí ibi tí a bá fẹ́, kí a fi ìka tẹ ẹ́, kí ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohun tí èmi rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà lọ ló ń pinnu bóyá yóò yè. Níbi tí ọwọ́ èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ wá lọ bá a níbẹ̀, ó ń wúlò. Níbi tí wọ́n ti ní kí èèyàn fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó wá máa wá ìmọ́lẹ̀ kiri, kì í pẹ́ kú.

Ọ̀dọ̀ Pierre Wellner ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1991, ní ilé ìwádìí Rank Xerox tó wà ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé kámẹ́rà àti pírójẹ́tọ̀ kọ́ sókè tábìlì ìkọ̀wé kan, ó sì pe àpapọ̀ wọn ní DigitalDesk. Tí bébà tí wọ́n tẹ iye owó sí bá wà lórí tábìlì náà, èèyàn yóò fi ìka tọ́ka sí iye kan, kámẹ́rà á kà á, iye náà á sì bọ́ sínú ẹ̀rọ ìṣirò tí ìmọ́lẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà. Nígbà yẹn, bí wọn yóò ṣe kó tábìlì àti bébà wọnú kọ̀ǹpútà ni àwọn ẹlòmíràn ń wá. Òun ní kí kọ̀ǹpútà jáde wá bá bébà níbi tó wà.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ kò tíì tán títí dòní. Kámẹ́rà tó ń wò láti òkè rí ìka, àmọ́ kò mọ̀ bóyá ìka náà ti kan tábìlì àbí ó ṣì kù díẹ̀ kó kàn án. Wellner fi maikirofóònù sábẹ́ tábìlì: tí ìka bá kan igi kó, ẹ̀rọ á gbọ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Ohun tí ojú kò lè dá mọ̀, ó fi etí wá a.

Lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2001, Claudio Pinhanez ní ilé iṣẹ́ IBM gbé dígí tó ń yí síwájú pírójẹ́tọ̀, débi tí ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lè bọ́ sára ògiri, kó bọ́ sórí tábìlì, kó tún bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Everywhere Displays ló pè é. Ẹ lè rí ìṣòro tirẹ̀ nínú ilé yín lálẹ́ òní. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri lọ́gangan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rí roboto. Ẹ wá dẹ tọ́ọ̀ṣì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, roboto yẹn á fà gùn bí ẹyin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí fún àwòrán tó bá gba ẹ̀gbẹ́ dé ara ògiri. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún àwòrán náà wọ́ sí òdì kejì, kó tó lè tọ́ nígbà tó bá balẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù pupa tí mo bá pàdé ní Ìkẹjà gba ọ̀nà mìíràn láti mọ ìgbà tí ìka bá kan nǹkan. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìtànṣán kan tí ojú èèyàn kò rí tẹ́ sórí káńtà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìka tó bá wọ inú rẹ̀ á tàn, kámẹ́rà á rí ibi tó ti tàn, á sì ṣírò lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Ó dára fún ibi tó tẹ́jú, àmọ́ ẹ gbé e sórí àga onítìmùtìmù, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ohun tó ṣílẹ̀kùn inú ilé ni Kinect, tí Microsoft gbé jáde ní oṣù kọkànlá 2010 ní nǹkan bíi $150. Eré kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ kámẹ́rà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà sí òun ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Andrew Wilson, olùwádìí ní Microsoft, ṣàlàyé bí a ṣe lè fi irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tí ìka bá kan tábìlì. Kámẹ́rà á kọ́kọ́ wo tábìlì nígbà tó ṣófo, á fi ìwọ̀n gbogbo ojú rẹ̀ pa mọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá ga ju tábìlì lọ ní ìwọ̀n sísanra ìka kan, ìka tó ń tẹ nǹkan ni. Èyí tó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó ń kọjá lọ ni.

Ìka èèyàn kò sanra ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ Kinect tó bá wà ní òpin yàrá ńlá lè fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ṣì í wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí irú ẹ̀rọ yìí fi máa ń gbà pé èèyàn ti tẹ bọ́tìnnì nígbà tí onítọ̀hún ń tọ́ka sí i lásán. Bí kámẹ́rà bá ṣe sún mọ́ ohun tó ń wò tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń dára sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀ tí a bá dé ilé ìdáná.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tí mo mọ̀, WorldKit ló sún mọ́ inú ilé jù. Robert Xiao, Chris Harrison àti Scott Hudson ló gbé e jáde ní 2013 ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh. Èèyàn jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra apá àga bí ẹni tó ń nu eruku. Ibi tó fi ọwọ́ ra yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ á ya rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí. Ta ni kò tíì wá rìmóòtù lábẹ́ tìmùtìmù rí, tí gbogbo ilé dìde dúró, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló jókòó lé e? Rìmóòtù tí a fi ọwọ́ nù jáde lára àga kò lè sọnù. Àmọ́ apá àga nínú ilé tí èèyàn ń gbé kì í ṣófo. Ọmọ á gbé ìwé lé e, àlejò á gbé ife omi kà á. Ní 2017 àwọn mẹ́ta yìí kan náà gbé Desktopography jáde láti fi yanjú rẹ̀: àwòrán á rí ife tó ń bọ̀, á sún fún un, bí èèyàn ṣe ń sún abọ́ tirẹ̀ kí ti ẹlòmíràn lè ráyè lórí tábìlì oúnjẹ.

Màmá mi ní rìmóòtù kan tó wà nínú ọ̀rá tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rá náà ti gbó, ó ti pọ́n, kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Tí ìròyìn aago mẹ́sàn-án bá bẹ̀rẹ̀, wọn kì í wò ó rárá. Àtàǹpàkò wọn á rìn lórí rẹ̀, á kan kókó kékeré tó wà lórí bọ́tìnnì 5, á ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ohùn tẹlifíṣọ̀n á sì lọ sókè, gbogbo rẹ̀ láìgbé ojú kúrò lára ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kò ní kókó. Fún èmi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Bọ́tìnnì tó ṣeé fọwọ́ bà ń fún ojú ní ìsinmi, ti ìmọ́lẹ̀ sì ń fẹ́ kí ojú máa bá ọwọ́ rìn nígbà gbogbo. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi ìró "kẹ́" rọ́pò rẹ̀, kí etí lè jẹ́rìí sí ohun tí ìka ṣe. Ó ń ṣèrànwọ́. Àmọ́ fún ẹni tí kò ríran, ògiri tó ní bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ àti ògiri lásán, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ mú gbogbo bọ́tìnnì kúrò lára ẹ̀rọ ìfọṣọ nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ti dé ń ti ẹni náà jáde kúrò nínú iṣẹ́ ilé ara rẹ̀, n kò sì rí ìdí kan tó fi yẹ ká gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọjà. HP gbé Sprout jáde ní 2014 ní $1,899, kọ̀ǹpútà tí pírójẹ́tọ̀ ti òkè rẹ̀ tànmọ́lẹ̀ sórí ẹní kan níwájú rẹ̀. Amazon fi Glow han aráyé ní 2021, ẹ̀rọ tí ọmọ kékeré lè fi bá ìyá àgbà tó wà lọ́nà jíjìn ṣeré lórí tábìlì, wọ́n sì dá a dúró ní 2022. Èyí tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí ni Xperia Touch tí Sony tà ní 2017 ní $1,699 ní Amẹ́ríkà, torí ìṣirò tirẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe gbogbo wọn. Tí a bá gbé e sórí tábìlì, àwòrán rẹ̀ á tó íǹṣì 23, ìka lè tẹ ẹ́ bí ojú fóònù. Tí a bá kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó lè tó íǹṣì 80. Agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lumen 100, bátìrì rẹ̀ sì ń gbé e fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Lumen ni iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, lux sì ni iye tó bá balẹ̀ sórí mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó. Àwòrán íǹṣì 23 kò gbà ju nǹkan bí ìdá méje ààyè yẹn lọ, torí náà lumen 100 á di bíi lux 680 lórí rẹ̀. Yàrá tí a tan iná sí lálẹ́ kì í sábà ju lux 300 lọ, nítorí náà àwòrán yẹn á hàn dáadáa. Lọ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lè ti kọjá lux 1,000, á ṣá. Ẹ wá fẹ̀ ẹ́ dé íǹṣì 80 lára ògiri, lumen 100 kan náà á tú ká, á di lux 57 péré. Oòrùn ọ̀sán gangan níta lè tó lux 100,000. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Ìkẹjà nìyẹn, kì í ṣe pé ẹ̀rọ ọkùnrin yẹn bàjẹ́. Ohun mìíràn tún wà: pírójẹ́tọ̀ kò lè ju òkùnkùn síbì kankan. Ibi tó bá dúdú nínú àwòrán ni ibi tí kò tan ìmọ́lẹ̀ sí. Káńtà òkúta dúdú tó ń dán, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ sílé ìdáná báyìí, á gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà mì.

Ọ̀rọ̀ dúdú yìí ló mú mi rántí àwọn tó fẹ́ fi ara èèyàn ṣe ògiri. Ní 2009, Pranav Mistry ti MIT fi SixthSense hàn, ó gbé pírójẹ́tọ̀ àti kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ó fi nǹkan aláwọ̀ sórí ìka kí kámẹ́rà lè mọ̀ wọ́n. Lọ́dún kejì ni Skinput dé, tó ń fi ohun tí wọ́n so mọ́ apá gbọ́ bí ìka ṣe kan awọ ara. Lórí awọ tó dúdú, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sójú kò pọ̀ tó ti orí awọ funfun, ẹni tó bá sì fi apá funfun nìkan dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kò tíì dán an wò fún wa. Àtẹ́lẹwọ́ sàn díẹ̀, torí ó mọ́ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ náà sì ni Humane lò fún Ai Pin tí wọ́n fi hàn ní oṣù kọkànlá 2023: $699, pẹ̀lú $24 lóṣooṣù, lésà aláwọ̀ ewé kan láti àyà aṣọ sínú ọwọ́. Ní oṣù kejì 2025 HP ra dúkìá ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 116 dọ́là, nígbà tó sì di ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn Pin tí èèyàn ti fowó rà kò dáhùn mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ darí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn.

Ilé ìdáná ló yàtọ̀. Ní 2015, IKEA fi tábìlì ìdáná kan hàn ní Milan, èyí tí wọ́n bá IDEO àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lund àti Eindhoven ṣe. Kámẹ́rà òkè rẹ̀ á mọ ewébẹ̀ tí èèyàn gbé síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kọ bí a ṣe lè sè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. BSH, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdáná Bosch, náà ṣe PAI, tó ń ya ojú ìwé tó ṣeé tẹ̀ sórí káńtà. Ẹ wo bí gbogbo ìṣòro tí mo ti kà sílẹ̀ ṣe ń kéré níbẹ̀. Káńtà kì í rìn, kò sì wọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù wà lókè rẹ̀ gẹ́lẹ́, kámẹ́rà á sún mọ́ ọn, ìwọ̀n á péye. Ojú onílé wà lórí káńtà tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀bẹ wà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ata rodo kò lè fọwọ́ kan fóònù láìkábàámọ̀ nígbà tó bá gbé ọwọ́ yẹn kan ojú. Bọ́tìnnì ara ààrò ní kọ́lọ́fín tí ọ̀rá àti èéfín ń há sí. Èyí tí a fi ìmọ́lẹ̀ yà, aṣọ ìnuwọ́ kan ṣoṣo ti tó o.

Bí ó ti wù kó rí, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó ga níwọ̀n ìka sí ìka lè ka ẹ̀pà tó já bọ́ sí ìka, tàbí ẹ̀kù ọ̀bẹ. Tí àṣìṣe yẹn bá tan iná ìmọ́lẹ̀, kò burú. Tó bá ṣí gáàsì ńkọ́?

A tún gbọ́dọ̀ bi ara wa bí àṣẹ ṣe ń ti orí káńtà dé ara ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ àti kámẹ́rà kò ju ojú àti ìka lọ, ẹ̀rọ tí a ń darí gbọ́dọ̀ ní etí. Ìlànà Matter, tí àwọn ilé iṣẹ́ fẹnu kò lé lórí, jáde ní 2022 fún gílóòbù, kọ́kọ́rọ́ àti irú wọn. Ní 2023 ni wọ́n fi fíríìjì, fáànù, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti amúlétutù yàrá kún un. Fáànù òkè àjà tó wà nílé wa láti ìgbà tí mo wà ní pámárì kò gbọ́ Matter. Ohun tó lè gbà á là ni súìṣì kékeré tó ń gba àṣẹ láti orí fóònù, tí oníṣẹ́ iná lè fi sẹ́yìn èyí tó wà lára ògiri. Ẹ̀rọ tó bá sì ní rìmóòtù tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà lè rán irú ìtànṣán tí rìmóòtù rẹ̀ ń rán.

Ohùn ti gba iwájú mọ́ ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ní ilé àwọn ará Amẹ́ríkà láti ìgbà tí Amazon Echo ti dé ní 2014. Èmi kò ka ìyẹn sí òpin ọ̀rọ̀. Alexa, tó ń dáhùn nínú Echo, kò gbọ́ Yorùbá, ariwo ẹ̀rọ ìlọta á sì bo ohùn ẹni mọ́lẹ̀. Àwòrán fáànù tí ìmọ́lẹ̀ yà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè èdè.

Ní ti iná, mo fi Nàìjíríà ṣe òṣùwọ̀n. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó iná Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Pírójẹ́tọ̀ àti kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 50, tí a kò bá pa wọ́n tọ̀sántòru, á jẹ yúníìtì 1.2 lójúmọ́, ìyẹn náírà 270 ní iye ìgbà yẹn, kó tó di pé fáànù tí a fẹ́ darí yí rárá. Ó ní láti máa sùn, kó jí nígbà tí ọwọ́ bá dé. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ, bọ́tìnnì bá iná lọ nìyẹn. Súìṣì ara ògiri ṣì wà níbi tí ọwọ́ mọ̀, nínú òkùnkùn.

Kámẹ́rà ni ohun tí n kò lè fara mọ́ ní yàrá. Nígbà tí Microsoft fẹ́ ta Xbox One ní 2013, wọ́n kọ́kọ́ ní Kinect rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú iṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n yí i padà, nígbà tó fi di oṣù kẹfà 2014 wọ́n ti ń tà á láìsí Kinect. Ojú kan lókè káńtà tó ń wo ọ̀bẹ àti àlùbọ́sà, mo lè gbà á. Lókè ibùsùn, rárá.

Ibi tí irú ẹ̀rọ yìí ti fìdí múlẹ̀ láìsí ariwo ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, níbi tí Epson ti ń ta BrightLink tí olùkọ́ lè fi ìka kọ̀wé lórí rẹ̀ lára pátákó, àti ilé iṣẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tọ́ka sí ìdè tó kàn tí òṣìṣẹ́ yóò dè lórí tábìlì rẹ̀. Ojú ibi kan ṣoṣo ni, ọwọ́ sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo sọ gbogbo èyí fún màmá mi níbi tí wọ́n ti ń jọ èlùbọ́. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ṣé orí káńtà mi níbí ló máa tàn sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èlùbọ́ ti dà sílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n fi ìka ya igun mẹ́rin kan sínú rẹ̀, wọ́n ní ti fáànù tó ń fa èéfín nìyẹn. Wọ́n ya èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún aago, kí ẹ̀wà wọn má baà jóná mọ́. Mo bi wọ́n nípa gáàsì. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni yóò máa pa ìyẹn. Mo mú tépù, mo wọ̀n láti orí káńtà dé ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 62, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.